Nọ́ọ̀sì, Jọ̀wọ́, Má Gbé Àṣírí Mi Dé Ọjà!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo wọ mọ́tò ní Ẹdúnàbọ̀n, mò ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì mí. Ó gbé báàgì ọ̀rá lé itan, ó di ẹnu rẹ̀ mú bí ẹni pé owó èsúsú ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí awakọ̀ ti já sí kòtò kan, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì ọsibítù yọ jáde. Kí n tó ní “ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó ti fi ìborùn bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò kà á?”

Mo ní n kò ka nǹkan kan. Òótọ́ sì ni, n kò kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo rí lójú obìnrin yẹn, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé ni. Nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe, ó kọ́kọ́ yíjú sí fèrèsé. A rìn díẹ̀ sí i, ó wá ní: “Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi o, ẹ má sì dárúkọ ìlú mi.”

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má wulẹ̀ kọ lẹ́tà wá pé ta ni, pé ará ibo ni. Kì í ṣe ará Ẹdúnàbọ̀n, ó kàn wá pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ ni. Ìyẹn tó.

Ata ló ń tà. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ sọ ọ́ lórí ẹní pé ọmọ tó gẹ́ẹ́, ló bá lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní kílíńìkì tó wà nítòsí ilé wọn. Nọ́ọ̀sì tó gún un ṣe é jẹ́jẹ́, ó fi òwú nù ún, ó kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì. Kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé tariwo-tariwo, ó ní òun gbọ́ lọ́jà pé ìyàwó ọmọ òun ti lọ sé ilé ọmọ pa. Báwo ni wọ́n ṣe gbọ́? Nọ́ọ̀sì sọ fún àbúrò rẹ̀ tó ń ta aṣọ, àbúrò sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀, ọ̀rọ̀ bá fẹsẹ̀ rìn délé.

Èyí tó dun obìnrin náà jù ni pé nígbà tí ìyá bi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ṣé ó mọ̀ sí i, ọkùnrin náà wolẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló bà á. Irú ọkọ báyìí pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n tiwọn kọ́ ni mo jókòó tì lónìí.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ kílíńìkì yẹn mọ́. Ifẹ̀ ló ń wá, ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Kì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́ nìkan o. Bí ibà bá ń ṣe é, Ifẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n wá bá lára rẹ̀, Ifẹ̀ ló ti ń gba oògùn rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, kò ní lo oògùn lóṣù yẹn. Ó ní lóru ọjọ́ kan, gìrì mú àbíkẹ́yìn òun. Kílíńìkì náà kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé lọ. Ó gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí, ó padà. Ó tún jáde, ó tún padà. Aládùúgbò kan ló já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sáré gbé e lọ. Ọmọ yè.

“Ẹ̀gbọ́n, ká ní ọmọ yẹn kú, ta ni wọn ì bá ní ó pa á? Ṣé èmi ni, àbí ẹnu nọ́ọ̀sì?”

N kò rí èsì fún un nínú mọ́tò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ẹni tó bá mọ Ẹdúnàbọ̀n àti àwọn ìlú Òrígbó tó yí i ká, bíi Mòrò, Yàkóyò àti Ìpetumodù, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta obìnrin yìí lẹ́sẹ̀. Ní Èkó, ẹni tó gún ọ lábẹ́rẹ́ lónìí, o lè máà rí i mọ́ láyé. Ní ìlú tiwa, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ ló máa wá ra ata lọ́wọ́ rẹ lọ́la. Ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí mọ́ṣáláṣí kan. Àbúrò ọkọ rẹ ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ẹni tó o jẹ ní gbèsè, ó mọ ẹni tí ìwọ àti rẹ̀ kì í kí ara yín. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ àti nínú ilé ọmọ rẹ, kí ló kù fún ọ láti fi bora?

Ẹ jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni kí nọ́ọ̀sì pa ẹnu mọ́. Òfin ni. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, abala 26 rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ohun gbogbo tó jẹ mọ́ aláìsàn, bí ara rẹ̀ ti rí, ìtọ́jú tí wọ́n fún un, àní wíwà rẹ̀ nílé ìwòsàn pàápàá, àṣírí ni. Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kílíńìkì bá dé ìdí ọlọ́ṣẹ tó ní, “Àní mo rí ìyá Rísí lọ́dọ̀ wa lánàá,” kò tíì dárúkọ àìsàn kankan o, ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí òfin ní kó má sọ. Òfin yẹn kò mú nọ́ọ̀sì nìkan. Ó mú dókítà, ó mú akọ̀wé tó ń kọ káàdì, ó mú ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ní ti nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ẹrù tiẹ̀ tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, ló ń kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sínú ìwé kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ yìí ní ìlànà ìwà tí nọ́ọ̀sì gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì rí i pé ó jẹ̀bi, wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, aṣọ funfun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí aṣọ ankárá mọ́.

Ìbúra tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́ ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1893 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Lystra Gretter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi sọrí Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó dá iléèwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1860. Nínú ìbúra yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara aláìsàn nìkan ni nọ́ọ̀sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ síta. Ọ̀rọ̀ ìdílé tí ó bá bọ́ sí i létí lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní St Thomas’ yìí kan náà ni ọmọ wa, Kofoworola Abeni Pratt, ti kọ́ṣẹ́ láàárín ọdún 1946 sí 1950, òun ló sì wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ màtíróònù àgbà ní UCH Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àṣírí pípa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dífá ní Ilé-Ifẹ̀ láti ayébáyé, kì í ké ohun tó ń dùn ún fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò sì fi owó náà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ifẹ̀ lọ́dún 1937 sí 1938, rí i bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe lórí Ifá lọ́dún 1969. Babaláwo tó fẹ́ wo èèyàn sàn pàápàá, wọn kò dá a lẹ́bi pé kò gbọ́ ìbéèrè. Àwa tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀, kí ló wá dé tí ẹnu ọ̀nà kílíńìkì fi di ẹnu ọ̀nà ọjà?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ. Mo ní, “Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹnu àwọn ọmọ yín kò dúró ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àwọn tí ẹnu wọn kò dúró wà, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ìta ńkọ́? Ìyá ọkọ á gbé iṣu wá bá mi nílé, á ní òun wá kí mi. Á jókòó, á bi mí léèrè ọmọ, á bi mí léèrè iṣẹ́. Á wá ní, ‘Ìyàwó wa tó wá lọ́jọ́sí yẹn, kí lẹ ní ó ń ṣe é?’ Mà á ní, ‘Ìyá, ẹ ṣeun iṣu o. Ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ bi.’ Àwọn mìíràn á bínú, wọ́n á ní mo ń gbéra ga. Àwọn mìíràn á gbé iṣu wọn padà!”

Màmá ní ohun tó tún ń tú àṣírí jù lọ, kì í tilẹ̀ ṣe òfófó. Ètò ni. Nọ́ọ̀sì dúró sí ojú fèrèsé, ogún èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo pé, “Àwọn tó wá gba oògùn HIV, ẹ bọ́ sí ìhín!” Kò bá ẹnikẹ́ni ṣòfófó, ṣùgbọ́n gbogbo ogún èèyàn ti gbọ́. Níbòmíràn, àwọ̀ káàdì ló ń sọ̀rọ̀. Bí káàdì aláboyún bá funfun, tí ti ikọ́ ife bá ní àwọ̀ mìíràn, ẹni tó gbé e dání rìn kọjá níwájú ìsọ̀ ti kéde ara rẹ̀. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló wà, kò sí aṣọ ìkélé, wọ́n ń bi obìnrin léèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, ọkùnrin tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ sì wà lórí ibùsùn kejì.

Mo bi wọ́n pé kí ni aláìsàn lè ṣe sí i. Wọ́n ní ẹnu ni kó là. “Kó sọ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí inú.’ Kó sọ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tìlẹ̀kùn.’ Bí kò bá fẹ́ gbé káàdì relé, kó bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.” Èmi náà fi kún un pé kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó ti gbẹ̀bí mẹ́ta láti òru, tí kò tíì jẹun, kì í ṣe òun ló yẹ kí a jágbe mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Gbogbo ẹni tó wọṣọ funfun ni à ń pè ní nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní CHEW ló pọ̀ jù, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní irú iléèwé ìlera tó wà ní Iléṣà. Oníṣẹ́ ni wọ́n, ìjọba mọ̀ wọ́n, àjọ tiwọn ló sì ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí dókítà aládàáni kan kàn mú bí ọmọ iṣẹ́, tó kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ gígún, tí wọ́n ń pè ní “auxiliary”. Orúkọ irú wọn kò sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ kankan, kò sì sí ìwé tí a ó ti pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹ má tijú láti bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́?” Télọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé léèsì fún pàápàá, ẹ máa ń bèèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Ṣé kò wá sí ìgbà tí àṣírí lè ṣí ni? Ó wà, òfin náà sì sọ ọ́. Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé. Bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pàṣẹ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ni, òbí tàbí alágbàtọ́ lè bèèrè. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, alágbàtọ́ tàbí aṣojú rẹ̀ lè bèèrè. Èyí tó kù ni bí pípa ẹnu mọ́ bá lè kó gbogbo ìlú sí wàhálà. Ẹ rántí Ebola lọ́dún 2014. Nígbà tí ará Liberia kan gbé e wọ Èkó ní oṣù keje, èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu. Ká ní wọ́n ní àwọn ò ní sọ orúkọ àwọn tó fara kan aláìsàn, àwa tó kù ì bá má sí láyé láti máa ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń wá àrùn náà kiri láti dá a dúró ni wọ́n sọ fún, wọn kò gbé e lọ fún ọlọ́jà.

Èyí tó le jù lójú tèmi ni ti ọkọ tí wọ́n bá kòkòrò HIV lára rẹ̀, tó sì ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó òun. Mo bi Màmá Nọ́ọ̀sì léèrè. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti jókòó ti ọkùnrin yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n bá a sọ ọ́ títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ, tàbí tí yóò fi mú ìyàwó wá kí wọ́n jọ ṣàyẹ̀wò. Kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ìyàwó. “Ọ̀pọ̀ ń gbà nígbẹ̀yìn,” ni wọ́n wí. Mo ní, àwọn tí kò gbà ńkọ́? Wọn kò dá mi lóhùn kíákíá. “Àwọn yẹn ni mi ò jẹ́ fi sùn.”

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ọ̀gá télọ̀ tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì á mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti dàgbà lọ sí kílíńìkì, á sanwó, á wá ní kí nọ́ọ̀sì kó èsì àyẹ̀wò fún òun, nítorí “èmi ni mo sanwó.” Owó tí a san kò ra àṣírí ẹlòmíràn. Lórí HIV, òfin mìíràn tún wà láti ọdún 2014 kan náà tó ní ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe dandan. Àti pé bí irin bá gé ọmọ iṣẹ́ yín lọ́wọ́, tí ẹ sáré gbé e dé ọsibítù láìsí owó lọ́wọ́, abala 20 òfin ìlera yẹn ní wọn kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Èyí yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò wúlò fún yín.

Bí nọ́ọ̀sì bá wá tú àṣírí rẹ ńkọ́? Kí aṣọ tó bá Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń dákẹ́, tẹlòmíràn ló kàn lọ́la. Má lọ bá a jà lójú ọjà, torí ìjà yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì gbọ́ gbọ́. Kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ọmọ rẹ tó mọ̀wé bá ọ kọ ọ́: kí ni wọ́n sọ, ta ló sọ ọ́, ta ló gbọ́ ọ. Kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá tó wà nídìí ibùdó ìlera náà. Òfin kan náà fún ọ láṣẹ láti mú ẹ̀sùn wá kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, gbéra lọ sí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀. Fún ará Ẹdúnàbọ̀n, Ìpetumodù nìyẹn, kò jìnnà. Bí nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ bá ni, ìwé ẹ̀sùn rẹ lè dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Àbújá. Wọ́n á fẹ́ mọ orúkọ rẹ, ìyẹn kò ṣeé sá fún. Ìwé tí kò lórúkọ kì í sábà rìn jìnnà.

Mo sọ gbogbo èyí fún obìnrin ọjọ́sí nígbà tí a tún pàdé ní ìdíkọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní òun ti ń ro ó láti lọ bá ọ̀gá kílíńìkì wọn, nítorí owó ọkọ̀ ti wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dúró de owó ọkọ̀. Ohun tó kàn ń kọ òun lóminú ni pé ọ̀gá kílíńìkì náà, ọmọ ìyá ọkọ òun ni.

Awakọ̀ ké sí èrò. Ó ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fi ìwé ìròyìn wé káàdì náà.